Ẹsẹ̀ Roqeebah àti Sípíkà Tíṣà Abórìṣàdé

Adùn ìfẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin rántí pé ilé tí òun fẹ́ wọ̀ ní ẹnu. Kí Olúwa má fi ẹnu ilé ọkọ ba ti àwọn ọmọ wa jẹ́. Ìsọlọ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, láàárín ọmọbìnrin kan tí etí rẹ̀ mú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àti ọmọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kò lágbára tó ọkàn rẹ̀.

Roqeebah lorúkọ ọmọbìnrin náà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ọjà Aswani ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Nísàlẹ̀, nínú ọjà, ìyá rẹ̀ Ìsíátù ń ta áńkárá àti léèsì. Ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, ni Roqeebah ń tún ṣe, òun náà ló sì ń bá èèyàn yan èyí tó lè gbé sípíkà ilé wọn dáadáa. Ọwọ́ Sùlè, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí Sùlè dàgbà tó padà sí Ìsẹ́yìn, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un. Àwọn oníbàárà tó bá kọ́kọ́ wọlé a máa béèrè pé ọ̀gá dà. Roqeebah á ní kí wọ́n jókòó, pé ọ̀gá ń bọ̀. Nígbà tó bá fi máa tú ẹrù wọn palẹ̀ tán, wọn kì í béèrè mọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Kọ́láolúwa Abórìṣàdé gun àtẹ̀gùn náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níṣẹ́ òwúrọ̀ ní ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ẹ̀sítéètì Ìsọlọ̀, ọ̀dà pupa ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó ní ampilifáyà tó lágbára lòun ń wá. Roqeebah bi í pé sípíkà wo ló fẹ́ fi í gbé. Ó ní sípíkà ńlá ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Roqeebah wí, "ẹni tó ń wá dírẹ́bà á kọ́kọ́ sọ bóyá tírélà ló ní tàbí kẹ̀kẹ́. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn sípíkà yín. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ wá fún mi."

Ọkùnrin mìíràn ì bá bínú gba ṣọ́ọ̀bù kejì lọ. Kọ́lá lọ, ó sì padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ti bàbá rẹ̀ ni sípíkà náà. Bàbá kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sún un. Ó dúró dìgbà tí bàbá lọ sípàdé ìjọ, ó wá fi iná fóònù ka ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń jalè. Òòmù mẹ́rin, wáàtì ọgọ́rùn-ún. Roqeebah mi orí. Ó ṣàlàyé fún un pé sípíkà olóòmù mẹ́rin a máa fa iná bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, pé ampilifáyà tí kò ní ikùn kò lè bọ́ ọ yó, kó má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀rọ tàn án jẹ. Ó nawọ́ sí ọ̀kan lórí pẹpẹ: tòkunbọ̀ dúdú, kò ní iná mèremère kankan, wáàtì ọgọ́rin péré ni wọ́n kọ sí i lára. Kọ́lá ní kóun gbé e wò. Díẹ̀ ló kù kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe wúwo tó.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí Kọ́lá má wá wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ ìbí bàbá òun lòun fẹ́ fi í ṣe ẹ̀bùn fún wọn. Á jókòó, á wo ampilifáyà, á wo Roqeebah, á tún yára wo ampilifáyà. Oṣù mẹ́rin ló fi ń wò. Àǹtí Adébímpé ló wá bá a la ẹnu. Aránṣọ ni Adébímpé, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Kọ́lá tó ti dolóògbé. Ọ̀dọ̀ Ìsíátù ló sì ti máa ń ra aṣọ. Ó gun òkè lọ́jọ́ kan, ó tú gèlè lé ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Roqeebah, àbúrò mi ò lè sọ̀rọ̀. Bó o bá ń dúró de ẹnu ẹ̀, wàá hu ewú síbí. Ìwọ ló ń wá wò, kì í ṣe irin yẹn."

"Mo mọ̀, Àǹtí." Roqeebah kò gbé ojú kúrò lára wáyà tó ń jó pọ̀.

"O mọ̀, o sì ń wò ó níran?"

"Ó ń wù mí kó tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni."

Bí Adébímpé ṣe di alárenà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni gbogbo wọn rò pé yóò dínà. Mùsùlùmí ọmọ Ìsẹ́yìn wà níbí, ọmọ ìjọ tó ti Èkìtì wá wà lọ́hùn-ún. Kọ́lá àti Roqeebah ti kó ìdáhùn jọ bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Àfi bí Tíṣà Abórìṣàdé, bàbá Kọ́lá, ṣe gbọ́ tó ní òun kọ́ ọmọ níwèé fún ọdún márùndínlógójì, òun ò sì rí èyí tí Ọlọ́run kọ ẹ̀sìn sí níwájú orí. Ìsíátù náà ní kí wọ́n ṣáà má gba ẹní ìrun lọ́wọ́ ọmọ òun. Adébímpé gbé ọ̀rọ̀ lọ, ó gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, wọ́n fi í sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan pé kí Roqeebah wá kí bàbá nílé wọn ní Ailegun. Ẹni tó gbájú mọ́ ilẹ̀kùn iwájú, ẹ̀yìnkùlé ni àlejò rẹ̀ máa ń gbà wọlé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọjọ́ pé ni Kọ́lá sáré gun àtẹ̀gùn wá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá rẹ̀ ti ra ampilifáyà fúnra rẹ̀. Òṣòdì ló ti rí i. Iná búlúù ń jó lójú rẹ̀, wọ́n sì fi àwọ̀ wúrà kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wáàtì sí i gàdàgbà. Bàbá fi ọwọ́ kan gbé e wọlé, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ ọjọ́ ọdún.

"Ọwọ́ kan?" ni Roqeebah bi í.

"Ọwọ́ kan. Roqeebah, gbọ́. Wọ́n á lò ó fún ẹ, wọ́n á sì bi ọ́ bó ṣe rí. Gbogbo àlejò ni wọ́n máa ń bi. Jọ̀ọ́, sọ pé ó dùn."

"Bí kò bá dùn ńkọ́?"

"Bàbá mi ni. Kì í ṣe kọ́sítọ́mà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Roqeebah lára bí ẹ̀gún tí ojú ò rí.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, ó kúnlẹ̀ kí Tíṣà, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Ọmọ́bọ́lájí, ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá láti Èkìtì láti wá fi ojú wọn wo ìyàwó. Àwọn sípíkà méjèèjì dúró sí igun pálọ̀ bí àgbà ìlú, igi gidi, wọ́n ga dé ìbàdí èèyàn. Wọ́n fún un ní ohun mímu tutù. Tíṣà kò tilẹ̀ jẹ́ kó mu ún dé ìdajì kó tó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò. Ó ní ẹgbẹ́ akọrin tí òun dá sílẹ̀ nígbà tí òun ń kọ́ni n'Íkọ̀lé nìyí, pé ohùn òun gan-an ló ń lé orin níwájú. Ó wá yí fólúùmù lọ.

Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ara Roqeebah bù máṣọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi iyanrìn fọ ohùn àwọn obìnrin. Gbogbo ibi tí ó yẹ kí orin ti mí, ńṣe ló ń fún bí aṣọ tó há mọ́ni lọ́rùn. Ampilifáyà náà kò ní agbára mọ́, Tíṣà sì ń yí i lọ sókè sí i. Ọwọ́ Roqeebah fẹ́ dìde fúnra rẹ̀ lọ yí i wálẹ̀. Ó fi ìtan tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. Ó gbóòórùn ooru. Ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù.

"Ìyàwó," ni Tíṣà wí, ojú rẹ̀ ń dán, "o ò sọ nǹkan kan. Báwo ló ṣe rí?"

Roqeebah wo Kọ́lá. Ojú Kọ́lá ń bẹ̀ ẹ́.

"Ó dùn, sà."

Inú Tíṣà dùn, ó tún yí i lọ sókè. Kò pẹ́ tí sípíkà ọwọ́ ọ̀tún fi ṣe bí ẹni sín, tí ohùn tínrín inú rẹ̀ sì lọ. Ti òsì tẹ̀ lé e. Ohun tó kù dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Tíṣà pa á, ó tàn án, ó tún pa á. Ìyá Ọmọ́bọ́lájí fi ọwọ́ lérán.

"Abórìṣàdé, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nìyí tí nǹkan yìí ti wà nílé rẹ, kò ṣe ohun kan. Òní tí ẹsẹ̀ tuntun wọlé ló kú. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ẹ ṣáà fi ojú yín wo ẹsẹ̀ tó ń wọlé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé Yorùbá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn tó. Ìyàwó tí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára, bí òjò bá ya ilé, òun ni. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, òun ni. Roqeebah tún wo Kọ́lá, pé kó la ẹnu. Kọ́lá ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

*

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Roqeebah kò lè jókòó. Á tú ampilifáyà, á dè é, á tún tú èyí tó ti dè. Bí ó bá kírun àárọ̀ tán, á wà lórí ẹní, á máa bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun mú ohùn yẹn kúrò létí òun, ohùn bí ẹni sín. Kò mọ èyí tó ń dùn ún jù: pé wọ́n fi ẹsẹ̀ òun ṣàlàyé ohun tí iná ṣe ni, tàbí pé òun mọ̀ tí òun sì dákẹ́. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Òun tí òun ń ta òtítọ́ lójoojúmọ́ fún àjèjì, ọjọ́ tí wọ́n rà á lọ́wọ́ òun ní pálọ̀ àna, èké lòun gbé fún wọn.

Adébímpé kò lè fi pamọ́ fún Ìsíátù. Bí ìyá ṣe gbọ́, ó ká aṣọ tó ń wọ̀n lọ́wọ́ kalẹ̀, ó gun òkè wá bá ọmọ rẹ̀. Kò pariwo. Oríkì ló fi bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń jí i láti kékeré.

"Àníkẹ́, ọmọ Ẹbẹ̀dì, ọmọ òkè tí kì í ṣípò fún òjò. Ọmọ a-hun-òfì-kó-le-bí-awọ. Ẹsẹ̀ tí mo fi adín àgbọn pa nígbà tó wà ní ìkókó ni wọ́n ń pè ní burúkú?" Ó fi ọwọ́ nu ojú ọmọ rẹ̀. "O ò ní padà síbẹ̀. Ojú èèyàn ni wọ́n ti sọ ọ́. Bí wọn ò bá dé ojú èèyàn yí i padà, kí wọ́n lọ fẹ́ ẹni tí kò lẹ́sẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Kọ́lá wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan.

"Ìwọ lo mọ ohun tó pa á," ni Roqeebah wí fún un. "Èmi ti sọ fún ẹ kó tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé e kọ́ ẹsẹ̀ mi lọ́rùn, ìwọ wá ń ka àwòrán ara kápẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ burúkú, ìwọ ṣì ni ọmọ Tíṣà." Ó yí ẹ̀yìn padà kó má bàa rí omi ojú òun. "Kọ́lá, mo fẹ́ ọ. Mi ò kàn mọ̀ bóyá mo lè fẹ́ ẹni tí mo máa jẹ́ ẹnu fún títí ayé."

Ọ̀rọ̀ náà lé Kọ́lá délé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀: pé ampilifáyà ló pa sípíkà, pé Roqeebah gbọ́ ọ, pé òun lòun ní kó pè é ní dídùn. Ó rò pé ìtùnú lòun gbé lọ. Tíṣà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Èkìtì, ohun tí kì í ṣe àfi tí inú bá bí i. Adébímpé ló gbé èsì wá sí Aswani, ìbànújẹ́ sì hàn lójú rẹ̀.

"Bàbá ní ẹsẹ̀ ti kúrò ńbẹ̀. Irọ́ ló kù. Wọ́n ní ẹni tó lè wo ojú wọn, tó mọ̀ pé ilé wọn ń jó, tó sì ní ó dùn, kí ni kò ní fi pamọ́ fún wọn tó bá dé ilé wọn tán."

Roqeebah fi orí ti ògiri. Ó fẹ́ bínú, inú kò bí i. Ohun tó mú un ni pé òtítọ́ ni bàbá náà sọ. Bí àwọn ọmọ rere ṣe ń ṣe lòun ṣe, ọ̀wọ̀ ni wọ́n kọ́ òun. Ọ̀wọ̀ náà ló wá di ẹ̀sùn. Ta ni kí òun wá fi ẹjọ́ sùn?

"Àǹtí," ni ó sọ níkẹyìn, "ẹ bá mi sọ fún wọn pé oníṣẹ́ kan fẹ́ wá tún sípíkà wọn ṣe. Kì í ṣe ìyàwó. Oníṣẹ́."

"Màmá ẹ ńkọ́?"

"Màmi ní kí n má padà lọ bí ìyàwó."

*

Tíṣà mọ oníṣẹ́ tó ń bọ̀, ó sì ní kó wá. Ọjọ́bọ̀ ni. Roqeebah wọ ṣòkòtò iṣẹ́ àti hìjáábù kúkúrú, Kọ́lá bá a gbé ampilifáyà dúdú náà, Adébímpé tẹ̀ lé wọn. Ìyá Ọmọ́bọ́lájí jókòó sí iwájú ilẹ̀kùn gan-an, ó ń wo bàtà rẹ̀ bó ṣe ń wọlé, bàtà ọ̀tún, bàtà òsì, bí ẹni ń ṣírò ẹran.

Roqeebah kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó tú iwájú sípíkà, ó yọ àwọn sípíkà kékeré tó wà lórí, àwọn tó ń gbé ohùn tínrín. Ó fi han Tíṣà bí wáyà inú wọn ṣe jó dúdú. Ó fi tuntun rọ́pò wọn. Lẹ́yìn náà, ó to ampilifáyà méjèèjì sórí tábìlì, ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ kí wọ́n gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà fi ọwọ́ kan gbé tirẹ̀. Nígbà tó kan dúdú náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún dìde, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì mí jáde.

"Kí ló wà nínú eléyìí?"

"Irin àti bàbà, sà. Ikùn rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ló ń kó agbára sí kí orin tó béèrè." Ó ṣí orí ẹ̀rọ oníná búlúù náà. Tíransifọ́mà tó jẹ́ ikùn tirẹ̀ kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ibi tó kù ṣófo. "Bí ẹ bá ní kí eléyìí pariwo ju agbára rẹ̀ lọ, kì í dákẹ́, sà. Ńṣe ló máa ń gé orí ohùn, á wá fi ooru dípò rẹ̀. Sípíkà kékeré ló ń jẹ ooru yẹn."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tó tà á ló kọ ọ́, sà."

Adébímpé fi ìbòrùn bo ẹnu. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó wo Roqeebah bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé.

"O gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ, sà. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́."

"O sì ní ó dùn."

"Mo ní ó dùn, sà. Irọ́ ni mo pa. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni."

Ìyá Ọmọ́bọ́lájí pòṣé, ó ní ẹsẹ̀ ṣáà ni ẹsẹ̀, kí wọ́n má fi irin bo ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni Kọ́lá ti dìde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó pa á kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́ tán. Bẹ́ ẹ bá máa wá ohun tó burú nílé yìí, ẹnu mi ni kẹ́ ẹ wò."

Ọkàn Roqeebah fò sókè. Kò jẹ́ kó hàn. Ó so wáyà mọ́ ampilifáyà dúdú, ó kọjú sí Tíṣà, ó ní ó ti ṣetán.

Tíṣà ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò, kásẹ́ẹ̀tì Ìkọ̀lé kan náà. Fólúùmù kò dé ìdajì tí pálọ̀ fi kún. Wọ́n gbọ́ bí àwọn akọrin ṣe ń mí. Wọ́n gbọ́ àga kan tó dún, wọ́n gbọ́ ẹni tó wú ikọ́ lẹ́yìn tó sì tètè gbé e mì. Ohùn àwọn obìnrin mọ́ gaara bí omi àpáta. Ìyá Ọmọ́bọ́lájí pàápàá yọ ọwọ́ kúrò lérán. Lẹ́yìn náà ni ohùn Tíṣà fúnra rẹ̀ jáde, ohùn ọ̀dọ́kùnrin, ó ń lé orin. Bàbá di ojú, ó ń mi orí. Orin gòkè, ó gòkè, ó dé ibi tó ga jù. Ohùn Tíṣà kò débẹ̀. Ó rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó na ọwọ́ sí èso tí ìka rẹ̀ kàn án tí kò sì já.

Tíṣà la ojú. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà. Ó tún un lò. Ibẹ̀ náà ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Ó dùn," ni Ìyá Ọmọ́bọ́lájí sọ kíákíá. "Ó dùn gan-an ni."

Tíṣà yí orí sí Roqeebah. Kò bi í léèrè, ó kàn ń wò ó. Roqeebah mọ̀ pé ibí yìí ni òun ti máa rí Kọ́lá fẹ́ tàbí kí òun pàdánù rẹ̀. Bí ó bá ní ó dùn, bàbá á mọ̀ pé irọ́ kejì nìyẹn. Bí ó bá sọ òtítọ́, àgbà wo ló máa fẹ́ ẹni tó bu ohun ìyangàn rẹ̀ kù lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ilé? Ó pe Ọlọ́run sínú ọkàn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ibi gíga yẹn, sà, ohùn yín ò débẹ̀. Díẹ̀ ló kù. Kò sí lára ampilifáyà."

Tíṣà pa ẹ̀rọ náà, ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá Ọmọ́bọ́lájí ní ọmọ yìí kò nítìjú. Kò pẹ́ ni wọ́n gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá, ohùn àgbàlagbà: Tíṣà ń fi ẹnu ara rẹ̀ wá ibi gíga náà, ó ń gbìyànjú rẹ̀, ó ń dá a dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Kò débẹ̀.

Nígbà tó jáde, kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ampilifáyà dúdú náà sílẹ̀, kí wọ́n gbé èkejì lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ó ní kí wọ́n máa lọ.

*

Ọjọ́ kan lọ, ọjọ́ méjì lọ, kò sí èsì. Kọ́lá ní bàbá òun kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, pé kásẹ́ẹ̀tì oríṣìíríṣìí ló ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Roqeebah ń lọ, ó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà mìíràn á ní ó dára bí òun ṣe sọ ọ́. Nígbà mìíràn á ní òun ti fi etí òun lé ọkọ òun lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, ó rí wọn láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin gíga kan tó dé fìlà ń la àárín ọjà kọjá, ó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn aláṣọ. Kọ́lá ń tẹ̀ lé e. Tíṣà ni. Bàbá ọkọ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ìsọ̀ ìyá ìyàwó nígbà tí wọn ò tíì tọrọ ọmọ. Alárenà là ń rán. Roqeebah já sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bàtà kan. Nígbà tó sún mọ́ ìsọ̀ náà, ó fi ara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ìdì áńkárá.

Tíṣà ti sọ ẹni tí òun jẹ́. Kọ́lá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ọ̀nà, àwọn tó ń ra ọjà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìsíátù kò ní kó dìde. Kò sì fún bàbá ní àga. Ó ní òun kí wọn káàbọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ lójú èèyàn, kì í tán ní kọ̀rọ̀.

"Ìdí tí mo fi wá sójà nìyẹn," ni Tíṣà dáhùn. "Ẹsẹ̀ ọmọ yín kò ba nǹkan kan jẹ́ nílé mi. Èmi ni mo ra ohun tí kò dára, tí mo sì ń fipá gba ìyìn lẹ́nu ẹni tó bá wọlé, títí ọmọ yín náà fi purọ́ fún mi. Nígbà tó wá sòótọ́, ó dùn mí. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi sàmì sí àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ, ọdún mélòó ni mo ti ń lo kásẹ́ẹ̀tì yẹn fún èèyàn, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn mi tó láti sọ fún mi. Ìyá, ẹni tó máa sọ ibi tí mo ti ṣìṣe fún mi ni mo fẹ́ kó bí ọmọ ọmọ mi."

Ìsíátù ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n yín tó sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ ìtọrọ. Mo ní kí wọ́n má tíì wá lónìí, ẹnu wọn ò tíì rọ̀ dáadáa."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìsíátù, ó gbé e mì. Ó gbé àpótí ìjókòó kan síwájú Tíṣà, ó fi ìnura nù ún. Kó tó jẹ́ kó jókòó, ó nawọ́ sí apá ọ̀tún àti apá òsì, níbi tí àwọn obìnrin aláṣọ ti dá ọwọ́ dúró, tí wọ́n ń na ọrùn.

"Ẹ tún un sọ, sà. Ìyá tó wà ní ìsọ̀ kẹta ò gbọ́ ti àkọ́kọ́."

Tíṣà bọ́ fìlà. Ó kọjú sí ìlà ìsọ̀ náà bí ìgbà tó bá kọjú sí kíláàsì, ó gbé ohùn sókè, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.